Padova, Nítorí Ìbọn Ẹlẹ́nu Kan

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni mo gbé ọkọ̀ jáde nílé wa ní Collegno, lẹ́bàá Torino níhìn-ín. Àdúgbò ṣì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbora léjìká, ó ń wo bí mo ṣe ń to ẹrù sínú búùtù: ìbọn nínú àpótí tó ní àgádágodo, ọta nínú àpò ọ̀tọ̀ nítorí òfin ibí kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì sùn pọ̀, kúlà oúnjẹ, àti ìwé àṣẹ ìbọn tí wọ́n ń pè ní porto d'armi, tí mo fi sápò àyà kí n lè máa fọwọ́ kàn án.

"Daddy Tọ́pẹ́," ó ní, "ẹ ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Èwo ni ti ìkejì?"

Mo ní, "Ti bàbá Padova yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe yin àkọ́kọ́ nígbà tẹ́ ẹ rà á." Ó ní kí n lọ dáadáa kí n bọ̀ dáadáa, ó sì padà wọlé lọ sùn.

Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé má baà rò pé mo ti di adigunjalè lókè òkun, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo wá kà ní yunifásítì ní Torino, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni mo sì ń ṣe ní Collegno. Ọ̀gá mi kan ló mú mi lọ sí pápá ìyìnbọn ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Eré ni wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan máa ń ju àwo pẹlẹbẹ kékeré kan sókè láti inú kòtò, piattello ni wọ́n ń pè é, ìwọ á sì yìnbọn fọ́ ọ kó tó balẹ̀. Kò sí ẹran, kò sí ọbẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nísinsìnyí, kó lè jẹ́ pé bí ti àkọ́kọ́ bá tàsé, wàá tún rí ọ̀kan yìn. Ìyẹn ò wù mí. Àwọn ògbólógbòó ẹlẹ́nu kan tí wọ́n ń pè ní monocanna ló wù mí, àwọn tí wọ́n ti rọ kí wọ́n tó bí mi. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà. Mo ra tèmi lọ́wọ́ opó kan ní Asti, lẹ́yìn tí mo ti fi oṣù mẹ́fà sáré ìwé láàárín dókítà àti ilé ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó gba ìwé mi wo ojú mi, ó wo ìwé, ó tún wo ojú mi, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé eré ìdárayá lóòótọ́ ni.

Ibi ìdíje kan ni mo ti mọ signor Ottavio ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, ará Padova, iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tínrín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Kí n sòótọ́, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ẹnu ìbọn náà gùn, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Igi ìdí rẹ̀ pọ́n bí epo tó ti pẹ́ nínú ìgò, ibi tí bàbá ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í láti ogójì ọdún sì ti dán. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ fín ewé àti ẹyẹ kan ṣoṣo sára irin rẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa tà á. Ó ní rárá. Ó ní ọ̀gá òun ló ni ín tẹ́lẹ̀, ọ̀gá náà sì ti sọ pé ẹni tó bá borí òun nínú àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lòun máa gbé e fún. Ottavio borí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìlànà kan náà lòun náà ń tẹ̀ lé, kò sì tíì sẹ́ni tó borí òun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò yìí ló pè mí lórí fóònù. Dókítà ojú ti kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú ni àṣẹ rẹ̀ máa parí, nítorí náà Sátidé nìgbà ìkẹyìn tó máa dúró lórí pápá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá borí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, oníṣòwò ìbọn àtijọ́ kan máa wá gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. "Ingegnere," ó ní, ìyẹn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé wàá wá?" Mo ní màá wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá di ojú, ẹyẹ ara irin yẹn ni mo ń rí.

Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Asti, Alessandria àti Tortona ni mo tọ̀. Ọ̀nà náà dán, kò sí kòtò, kò sí olè, kò sì sẹ́ni tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá rẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ máa wà á títí ẹ ó fi kan ilé ìsinmi, níbi tí kọfí tí kò kún ife àmupara ti ń lọ ní euro kan àbọ̀, tí búrẹ́dì oní-ham kan sì ń lọ ní euro mẹ́fà. Mo mu kọfí, mo fi búrẹ́dì sílẹ̀. Owó ojú ọ̀nà láti ilé wa dé Padova lé ní ọgbọ̀n euro. Ẹ̀rọ ló ń gbà á, bó bá sì gbà á tán, á fi ohùn obìnrin pẹ̀lẹ́ kí yín pé arrivederci, ó dìgbóṣe. Àwọn tó máa ń dá wa dúró gbowó lójú ọ̀nà nílé, ó yẹ kí wọ́n wá kọ́ ìwà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní Piacenza ni mo ti gbé Sẹ́gun. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Torino kó tó kó lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ magazzino, àwọn ilé ìkẹ́rùsí gbàràmù-gbaramu tó yí ìlú náà ká. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi turno di notte, iṣẹ́ òru, ni, ojú rẹ̀ pọ́n, bàtà onírin ibi iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò ní sùn, òun fẹ́ wòran.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ lọ pa gan-an?"

"Àwo."

"Àwo oúnjẹ?"

"Àwo amọ̀ kékeré. Wọ́n á jù ú sókè, èmi á fọ́ ọ."

"Ẹ wà mọ́tò láti Torino dé Padova torí àtifọ́ àwo. Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ mi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nílé. Every day." Kí a tó dé Cremona, ó ti sùn, ó ń hanrun.

Láti Brescia lọ, àwọn òkè ga lọ́wọ́ òsì wa. Inú àfonífojì kan láàárín wọn ni wọ́n ti ń rọ ìbọn láti ayé àwọn baba ńlá wọn, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rọ ti bàbá àti tèmi. Mo fẹ́ jí Sẹ́gun kí n fi hàn án, mo ro ti iṣẹ́ tó ṣe mọ́jú, mo fi í sílẹ̀. A kọjá Verona, a kọjá Vicenza. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, a ti dé pápá ìyìnbọn náà, ní ẹ̀yìn odi Padova, láàárín oko àgbàdo. Ooru ti mú. Àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí tilé.

Signor Ottavio ti wà níbẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó de táì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bíi mẹ́jọ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n sì mọ ìdí tí mo fi wá. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí bàbá. Ó ti mọ̀ mí mọ́ ọn, ó kàn fọwọ́ kan èjìká mi. Ìtàlì la sọ, mo kàn ń yí i sí èdè wa fún yín ni.

"O dé," ó ní. "Ṣé o sùn?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò sùn."

Euro mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà fún àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni mẹ́fà la wà ní ìlà, ẹni kọ̀ọ̀kan á yin tirẹ̀, á sún lọ sí ipò tó kàn, pedana ni wọ́n ń pè é. Bàbá ló ṣáájú mi. Ìdí ìbọn máa ń ṣí sílẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ tì í títí tó bá fi kàn yín. Bó bá kàn yín, ẹ ó kì í, ẹ ó gbé e léjìká, ẹ ó ké "Pull!", ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn yín, àwo á sì fò jáde, bóyá sọ́tùn-ún, bóyá sósì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ẹ bá fọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tàsé, adájọ́ á ké "Zero!" kí gbogbo ayé gbọ́.

Bàbá tàsé méjì nínú àwọn àkọ́kọ́. Èmi náà tàsé méjì. Ó tún tàsé lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di àwo ìkẹrìnlélógún, àwa méjèèjì ti fọ́ ogún, àwọn tó kù nínú ìlà ti ṣubú sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n mọ́. Mo ń yìnbọn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí n fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Ọwọ́ mi rọ̀, ojú mi mọ́.

Àwo ìkẹyìn kan bàbá. Ó ké, àwo fò jáde gbọọrọ, ó yìn ín, àwo sì ń lọ ní tirẹ̀ títí ó fi wọnú àgbàdo lọ. "Zero!" Bàbá yọ dígí ojú rẹ̀, ó fi ìdí táì nù ún. Lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan wolẹ̀.

Ó wá ku èmi. Bí mo bá fọ́ èyí, ìbọn di tèmi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Mo wo ẹ̀yìn bàbá náà. Mo wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, irú ọmọ wo ló máa fi ojú bàbá yìí gbolẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Kí n má tan yín, kì í ṣe àánú nìkan. Mo ti ṣírò rẹ̀. Nílé, bí ọmọdé bá fi ipò sílẹ̀ fún àgbàlagbà báyìí, gbogbo ènìyàn á rí i, ẹnikẹ́ni ò ní sọ ọ́ jáde. Tó bá yá, bàbá á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á súre fún un, á sì gbé ohun tó wá gbà lé e lọ́wọ́, á tún fi nǹkan lé e. Mo ti ń gbọ́ àdúrà náà létí. Mo ké "Pull!", àwo fò jáde sósì, èyí tó rọrùn jù fún mi, mo sì rọra rẹ ẹnu ìbọn sílẹ̀, mo yìn ín sábẹ́ rẹ̀.

"Zero!"

Sẹ́gun, tó ti jí, pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn. Ó mọ ohun tí mo ṣe. "Ọmọlúàbí!" ó kígbe. "Ẹ̀gbọ́n, God bless you!"

Mo yíjú sí signor Ottavio, mo ń retí ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá bá mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ìsàlẹ̀ lo yìn ín sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Láti ọdún méjì tí mo ti ń wò ọ́, o ò tàsé sí ìsàlẹ̀ rí. Òkè lo máa ń tàsé sí, nítorí o máa ń kánjú gbórí kúrò lára igi ìbọn. Kí ló dé?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Signore, bàbá lẹ jẹ́ fún mi. N ò lè borí yín lónìí, níwájú àwọn èèyàn yín."

Ojú rẹ̀ pọ́n. N ò rí i kó bínú rí. "Mo darúgbó," ó ní, "n kì í ṣe alágbe. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá jókòó sílé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì mọ ìbọn yìn lọ́jọ́ tí mo fi í sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá gbà níbí lónìí nìyẹn, ìwọ lo sì gbà á lọ́wọ́ mi."

Adájọ́ tọ̀ wá wá, ó ní nígbà tó jẹ́ pé ogún-ogún la ní, spareggio ló kù: àwo kan fún bàbá, àwo kan fún mi, títí ọ̀kan á fi tàsé tí èkejì ò tàsé.

"Bí o bá tún dán irú rẹ̀ wò," bàbá sọ fún mi jẹ́jẹ́, "gbé àpótí rẹ, kó o má sì pè mí mọ́."

Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀. Ó ké, àwo fò jáde sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tó ń yíjú wo ẹni tó pè é, ó sì yìn ín. Àwo náà di eruku dúdú lójú ọ̀run. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hó.

Ó kàn mí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ìbọn yẹn, mo sì tún fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ lóòótọ́. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tigi, mo ké. Àwo fò jáde sósì, irú èyí tí mo jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo lé e, mo bá a, mo yìn ín.

Ó ń lọ. Ó kọjá lórí àgbàdo, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú.

"Zero!"

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ibi tó balẹ̀ sí. Omi wá sójú mi, n ò sì bìkítà ẹni tó rí i. Signor Ottavio sún mọ́ mi, ó tẹjú mọ́ mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Òkè," ó ní. "O gbórí."

"Mo gbórí, sà."

"Èyí, òótọ́ ni." Ó dì mọ́ mi. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rò pé mo lè mú un dùn lọ, ó sì dun èmi dé egungun, nítorí mo mọ̀ pé ká ní mo fọ́ èyí tó rọrùn níṣàájú, ìbọn ì bá ti wà lọ́wọ́ mi.

Sẹ́gun ò gbà. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì tán níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀bẹ̀. Ó jáde láàárín bẹ́ǹṣì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì níwájú bàbá, pẹ̀lú bàtà onírin. "Signore, per favore! Ẹ bá wa fi jì í!" Àwọn àgbàlagbà náà fò dìde. Wọ́n rò pé ooru ló mú un dákú. Ọ̀kan sáré lọ bu omi, òmíràn ti ń wá nọ́ńbà àńbúláǹsì lórí fóònù. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé adájọ́ dá ìlà tó kàn dúró. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Sẹ́gun dìde.

"Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé mo dúpẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún ọ̀gá mi." Oníṣòwò á wá lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá bọ́ wa lọ́sàn-án. Polenta ni wọ́n sè, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò bíi tùwó, tí wọ́n dà sórí pátákó, wọ́n sì gé sọ́sẹ́èjì lé e. Ọbẹ̀ rẹ̀ ò ta. Sẹ́gun lọ gbé ata díndín Fọlákẹ́ jáde látinú kúlà, bàbá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ ṣomi, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó jẹ́ kí n bá òun gbé ìbọn náà dé inú ọkọ̀ òun. Mo gbé e bí ẹni gbọ́mọ tuntun. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọ̀nà àbọ̀, Sẹ́gun ò sùn, ì bá sì sàn fún mi kó sùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó yé mi. Èyí tẹ́ ẹ lè fọ́, ẹ ò fọ́ ọ. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fọ́, ẹ ò lè fọ́ ọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ẹ wá fọ́ kankan?" Mo ní ogún. Ó ní àánú àwọn ogún náà ṣe òun. Mo já a sílẹ̀ ní Piacenza, ó fi ata tó kù ṣe ti ara rẹ̀.

Lẹ́yìn tó sọ̀kalẹ̀, mo pa rédíò. Mo rò pé ìbọn ni màá máa rò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni kò kúrò létí mi. Bọ̀wọ̀ fún àgbà ni mo pe ohun tí mo ṣe, àmọ́ ṣe ni mo pinnu lọ́kàn ara mi pé bàbá náà ò lè dá dúró mọ́, mo sì fi ìwà rere bò ó. Láti Alessandria dé ilé, bàbá tó bí mi gan-an ni mo ń rò. Ó wà ní Ìsẹ́yìn. Bí mo bá lọ sílé, a máa ń ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun ló sì máa ń jẹ, nítorí láti ọdún bíi mẹ́wàá báyìí, èmi ni mo ń jẹ́ kó jẹ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé Collegno. Ọmọ mi Tọ́pẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo àpótí kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Papà, hai perso?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo pàdánù. Fọlákẹ́ gbọ́ ọ láti kíṣìnnì, ó ń kọrin ọpẹ́. Mo jókòó sórí àga láìbọ́ bàtà, mo pe Ìsẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ọ̀rọ̀ kan wà. Ayò tí a máa ń ta nígbà tí mo bá wá… nígbà mìíràn, ṣe ni mo máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ mí."

Mo ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyẹn lo tìtorí ẹ̀ pè mí láti ìlú òyìnbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀kan lọ́dún tí ìyá rẹ kú, ọ̀kan lọ́dún tí ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀, mo kàn dákẹ́ ni. Àwọn yòókù, èmi ni mo jẹ ọ́. Ọ̀pẹ̀ ni ọ́."

"Bàbá, ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ."

"Wálé wá fi hàn mí," ó ní, ó sì pa fóònù.